Egbò tí kò dun aláìsàn: Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì, tí oògùn Adjamé Roxy kò lè bá wọn ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn, ta ni yóò dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pa òwe yìí fún ẹgbẹ́, fún ìdílé àti fún ìlú. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé abẹ́ awọ ara èèyàn gan-an ni òwe náà ti ń ṣẹ lójoojúmọ́. Ìrìnpọ̀ ló ń dí ojú egbò. Bí ìrìnpọ̀ náà bá sì bàjẹ́, egbò tó bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré kan lè di ohun tí wọn yóò torí rẹ̀ gé èèyàn lẹ́sẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni Adjamé Roxy, ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀ Abidjan kó má kan àwọn ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ìrá àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ ìlú náà dilé láti ayé àwọn bàbá wọn. Anango ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Ọkọ̀ a máa gbéra láti Ẹ̀jìgbò, a gba Cotonou, a gba Lomé, a gba Accra, kó tó sọ èrò kalẹ̀ ní Abidjan. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ a máa sọ Yorùbá nílé, a sì máa fi Faransé ná ọjà.

Adjamé wà ní òkè Plateau, níbi tí àwọn ilé gogoro ìlú náà wà. Ọjà ni iṣẹ́ Adjamé. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní gbaka ti ń kó èrò, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wọlé láti ìgbèríko, ibẹ̀ náà ni èrò ti ń fẹsẹ̀ gbúnra wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nínú gbogbo ọjà Adjamé, apá ibi tí wọ́n ń pè ní Roxy ní òkìkí tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn òyìnbó tí wọ́n ń tà láìsí ìwé dókítà ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Oògùn ibà, oògùn ara ríro, oògùn apakòkòrò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń tò sórí tábìlì tàbí sínú abọ́, tí oòrùn sì ń pa á. Òmíràn jẹ́ ojúlówó tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Òmíràn jẹ́ ayédèrú látilẹ̀. Òmíràn sì dára nígbà tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ooru tó bà á jẹ́. Bó ti wù kí ojú oníbàárà mọ́lẹ̀ tó, kò lè fi wíwò lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe pé ìjọba kò rí wọn. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn agbófinró ti ya wọ Roxy, tí wọ́n kó oògùn, tí wọ́n sì dáná sun ún. Bí iná bá ti kú tán, ọjà a tún yọ bí olú ọ̀gán. Ohun tó fà á kò le láti mọ̀. Ní ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ, odidi páálí ni wọn yóò tà fún oníbàárà. Lójú títì, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a ra hóró méjì péré, a sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lára àwọn tó ń ra hóró méjì yìí ni ẹni tí egbò ń yọ lẹ́nu. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àṣà kan ti gbilẹ̀: aláìsàn a ra kápúsù apakòkòrò, a ṣí i, a da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, a wá dúró kó gbẹ. Bó bá ti gbẹ, tó ní èépá, inú rẹ̀ a dùn. Lójú tirẹ̀, oògùn ti ṣiṣẹ́.

Ṣé òótọ́ ni? Ta ni ẹni náà gan-an tó ń dí ojú egbò?

BÍRÍKÌ TÓ MỌ ÌRÌN Í RÌN

Ara èèyàn dà bí ilé tí a fi bíríkì mọ. Sẹ́ẹ̀lì ni bíríkì náà, ó sì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Bíríkì ilé, ibi tí bíríkìlà bá gbé e sí náà ni yóò wà. Sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, ó mọ ìrìn í rìn.

Bí ọ̀bẹ bá ya èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ dì kó má baà dà nù tán. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara, a dé láti gbógun ti kòkòrò àrùn, kí wọ́n sì palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Nígbà náà ni iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn yóò kan àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó wà létí egbò. Wọn yóò na ẹsẹ̀ sójú ibi tó ṣófo, wọn yóò fi ẹsẹ̀ náà di ilẹ̀ mú, wọn yóò sì fa ara wọn síwájú.

Wọn kì í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan di èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú nígbà tí wọ́n bá ń sọdá títì. Gbogbo wọn a wá máa lọ pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, láti etí ọ̀tún àti etí òsì, títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Nígbà tí wọ́n bá pàdé ni èèyàn ń sọ pé egbò ti jinná.

Ìrìn wọn kò yá. Nínú àwo tí àwọn onímọ̀ ti ń sin sẹ́ẹ̀lì láti fi ṣèwádìí, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nǹkan bí ìdá kan nínú 50 mílímítà kan ni wọ́n máa ń rìn láàárín wákàtí kan. Irun orí ẹyọ kan nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, kò sí abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn kan tó lè bá wọn ṣe é ní ọjọ́ kan.

TA NI BALÓGUN WỌN?

Bí èrò bá pọ̀ tó báyìí tí wọ́n ń rìn pọ̀, èèyàn yóò rò pé ẹnì kan ló ń pàṣẹ. Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ físíìsì, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwọn agbára àti ìrìn nǹkan, dá sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti oníṣègùn.

Ní 1995, Tamás Vicsek, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Hungary, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òfin kan tó rọrùn kalẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí ohun kọ̀ọ̀kan tó ń rìn máa wo àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, kó sì kọjú síbi tí púpọ̀ nínú wọn bá kọjú sí. Ó tán. Nígbà tí àwọn ohun náà kò pọ̀, kálukú ń rìn kiri bó ṣe wù ú. Nígbà tí wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì súnmọ́ra, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà lójijì, láìsí aṣíwájú kankan. Ẹni tó bá ti rí ọ̀wọ́ lékeléke tó ń fò relé nírọ̀lẹ́, tàbí tó ti gbọ́ bí eéṣú ṣe ń kọlu oko, ti rí irú ìrìn tí òfin náà ń sọ.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti sẹ́ẹ̀lì? Ní 2007, àwọn olùwádìí ní Institut Curie ní Paris ṣe ìdánwò kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ìran rẹ̀ ti inú kíndìnrín ajá kan wá ní 1958 ni wọ́n lò, torí ó ti mọ́ àwọn onímọ̀ lára. Wọ́n jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kún ojú àwo títí dé ibi tí wọ́n fi nǹkan dí, wọ́n sì rọra ká ohun tó dí wọn kúrò láìha wọ́n lára rárá. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde. Bí ọgbẹ́ kò tilẹ̀ sí, àyè tó ṣí sílẹ̀ nìkan tó láti gbé wọn dìde. Àwọn kan nínú wọn tóbi ju ìyókù lọ, wọ́n tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì wà níwájú, tí ọ̀pọ̀ sì ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn onímọ̀ pè wọ́n ní aṣíwájú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wá gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí: àwọn tó wà níwájú ló ń fa àwọn tó wà lẹ́yìn, bí ọkọ̀ rélùwéè tí orí rẹ̀ ń wọ́ ìrù.

Ní 2009, Xavier Trepat láti Barcelona, Jeffrey Fredberg láti Yunifásítì Harvard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé èsì tó yàtọ̀ jáde. Wọ́n tẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì sórí ohun rírọ̀ kan tó dà bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, wọ́n sì ti kó àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń tàn sínú rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹsẹ̀ fa ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ a sún. Nípa wíwọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe sún tó, wọ́n mọ agbára tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lò.

Wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn tó wà níwájú nìkan ló ń fà. Àwọn tó wà ní ìlà kẹwàá, àtàwọn tó tún jìnnà sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń fa ilẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wọn ló wà nínú ìdíje fífa okùn, tí agbára ọ̀kan ń wọnú agbára èkejì nípasẹ̀ ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú. Ẹni tó bá ti wò ó rí nígbà tí wọ́n ń fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹni tó di ìdí okùn mú ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Aṣíwájú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ nìkan kò tó gbé wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ní 2016, Trepat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìdánwò mìíràn. Wọ́n ṣe ilẹ̀ kan tó rọ̀ ní apá kan, tó sì ń le díẹ̀díẹ̀ lọ sí apá kejì. Sẹ́ẹ̀lì tó dá wà kò mọ apá ibi tó le, ó kàn ń rìn kiri ni. Nígbà tí irú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà di ara wọn mú, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí ẹnì kan kò lè mọ̀, àjọ wọn mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

SÚNKẸRẸ-FÀKẸRẸ NÍNÚ ARA

Ìrìnpọ̀ ní àkókò tirẹ̀. Ó ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n rìn, ó sì ní ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró.

Ní ọjọ́ tí ọjà kò kún, ẹni tó bá wà ní Adjamé Roxy lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì. Bó bá di ọjọ́ tó kún, yóò dé àkókò kan tí kò sẹ́ni tó lè gbésẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n dúró, wọ́n kàn há mọ́ra wọn lọ́nà tí ẹnì kan kò lè sún àfi tí gbogbo wọn bá sún. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni Yorùbá ń pè é. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ojú egbò bá ti dí tán, tí wọ́n sì kún ibẹ̀, wọn a há mọ́ra, wọn a sì dúró. Dídúró wọn yìí ló ń sọ awọ di awọ.

Ní 2015, àwọn olùwádìí fi yé ayé pé èèyàn lè mọ̀ nípa wíwo ìrísí sẹ́ẹ̀lì bóyá ó ti há tàbí kò tíì há. Àwọn tó ti há rí roboto bí ojú afárá oyin, àwọn tó ṣì ń rìn a sì máa gùn. Ní ọdún náà, Fredberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì tó bo ọ̀nà èémí àwọn èèyàn. Sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ara wọn le tètè há, wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní ikọ́ fèé pẹ́ kí wọ́n tó dúró, wọ́n ṣì ń rìn nígbà tó yẹ kí wọ́n ti sinmi.

Àrùn jẹjẹrẹ náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó bá ń ràn láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n dúró sí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ìrìn kan náà tó ń wo egbò sàn lè di ìrìn ìparun bó bá ṣẹlẹ̀ lásìkò tí kò yẹ.

ÈÉPÁ KỌ́ NI ÌWÒSÀN

Kí á padà sọ́dọ̀ ẹni tó da ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò. Kí ni ìyẹ̀fun náà ṣe fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn?

Ní 1962, George Winter, olùwádìí kan ní London, gbé iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹlẹ́dẹ̀ jáde. Ó dá egbò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí ara àwọn ẹran náà. Ó fi àwọn kan sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí wọn, kí èépá sì gbà wọ́n. Ó fi ọ̀rá bo àwọn yòókù kí wọ́n má baà gbẹ. Àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀rá fẹ́rẹ̀ẹ́ yára dí ní ìlọ́po méjì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó bá ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ń rìn ni. Orí ilẹ̀ tútù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dì mú. Níbi tí èépá bá ti gbẹ, ó di dandan kí wọ́n walẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí wọ́n máa wá ibi tí omi ara ṣì wà, bí ẹni tí igi wó dí lọ́nà tó ní láti gba inú igbó. Nítorí náà, gbígbẹ tí aláìsàn ń yọ̀ sí lè jẹ́ ìdíwọ́ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí egbò máa rin gbindin nínú ìdọ̀tí. Fífi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, àti fífi ohun tó mọ́ bò ó bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ṣe sọ, ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ìyẹ̀fun kápúsù kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún ojú egbò. Bó bá sì jẹ́ ayédèrú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọgbẹ́ kékeré lè borí gbogbo ìyà yìí, kó sì jinná bó ti wù kó rí. Ẹni tó ni ín a wá gbé ọpẹ́ fún kápúsù. Àṣìṣe yìí ló ń ṣekú pani nígbà tí egbò mìíràn bá dé, èyí tí kì í jinná fúnra rẹ̀ bọ̀rọ̀.

MÁJÈLÉ TÓ Ń TÚ WỌN KÁ

Egbò náà ni àwọn oníṣègùn ń pè ní egbò Buruli, orúkọ tó wá láti agbègbè kan ní Uganda. Côte d'Ivoire wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ní aláìsàn rẹ̀ jùlọ lágbàáyé. Ìlú Yamoussoukro ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pe ìpàdé ńlá lórí rẹ̀ ní oṣù keje 1998, tí wọ́n sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn orílẹ̀-èdè yóò gbógun tì í. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ló tó nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń mú ní Áfíríkà. Ìtòsí odò tí kì í ṣàn kíákíá àti ilẹ̀ àbàtà ló ti wọ́pọ̀.

Kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ní Pobè, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé ìwòsàn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú egbò yìí. Àwọn aláìsàn ti kọjá ẹnubodè láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wá gba ìtọ́jú níbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 sì sọ ìtàn wọn.

Kòkòrò tó ń fa àrùn náà jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti èyí tó ń fa ẹ̀tẹ̀. Ó máa ń tu májèlé kan jáde tí wọ́n ń pè ní mycolactone. Ohun tí májèlé yìí ń ṣe ló so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ìrìn sẹ́ẹ̀lì.

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Institut Pasteur ní Paris fi hàn pé nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà tó dà bíi fọ́mánù ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Òun ló ń pàṣẹ ibi tí sẹ́ẹ̀lì yóò ti ta òpó tó fi ń na ẹsẹ̀, àti ìgbà tí yóò ta á. Májèlé náà a gun fọ́mánù yìí bí èmi àìrí. A bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láìdáwọ́ dúró, níbi tí kò yẹ, lásìkò tí kò yẹ. Sẹ́ẹ̀lì náà a jọ̀wọ́ ilẹ̀ tó dì mú, a jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò sì ní í mọ ibi tó ń lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n fi májèlé náà sára eku, awọ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì já.

Àìrìnpọ̀ ejò ló dé yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, àyè tó yẹ kí wọ́n dí wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú ti tú. Bó bá pẹ́, májèlé náà a pa wọ́n. Ìdí nìyí tí etí egbò Buruli fi máa ń dá gbòfo lábẹ́: awọ wà lókè, ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé kì í sábà dun aláìsàn. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2014 fi hàn lára eku pé májèlé kan náà máa ń pa iṣan tó ń gbé ìró ìrora lẹ́nu mọ́. Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé ohun tó bá ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí egbò kò dùn kì í sọ ọ́. Bàbá a ní kí ọmọ fara dà á. Ìyá a ra kápúsù méjì. Kókó kékeré a di egbò, egbò a fẹ̀ dé orúnkún, ọ̀pọ̀ oṣù a sì ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ilé ìwòsàn. Nígbà náà, iṣan lè ti sún kì, ẹsẹ̀ lè má nà mọ́ láéláé.

OHUN TÓ Ń WÒ Ó SÀN

Egbò Buruli ní ìwòsàn. Títí di 2004, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù. Ní ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lílo oògùn rifampicin pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ streptomycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Abẹ́rẹ́ náà a máa dun ni, ó sì lè ba etí jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ìdánwò ní Gánà àti Benin láti mọ̀ bóyá oògùn mímu lè rọ́pò rẹ̀. Èsì rẹ̀, tó jáde ní 2020, fi hàn pé rifampicin pẹ̀lú clarithromycin, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kan náà, kò kẹ́yìn rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni, ọjọ́ 56 gbáko. Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe ni pé ó ń pa kòkòrò, kí májèlé lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí májèlé bá ti lọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò tún di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn wọn. Oògùn kọ́ ló ń dí ojú egbò. Ó kàn ń lé ọlọ́ṣà kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn èrò lè kọjá ni.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Roxy ti di ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ẹni tó ra hóró méjì kò ra ọjọ́ 56. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó rifampicin ló rà, ìlò ìlàjì lè kọ́ kòkòrò ní ọgbọ́n tí yóò fi sá fún oògùn, oògùn kan náà yìí sì ni wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ọjọ́ ló ń ṣòfò, tí májèlé sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́ awọ, láìpariwo.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹni tó ra hóró méjì ṣe yẹ̀yẹ́. Àìlówó ló gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe àìgbọ́n. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé oògùn egbò Buruli tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún aláìsàn. Ohun tí kò rà lówó gan-an ló dára ju ohun tó rà lọ.

Àmì tó yẹ kí gbogbo òbí fi sọ́kàn kò pọ̀. Kókó lábẹ́ awọ tí kì í dun ọmọ. Ojú awọ tó le gbagidi tí kò sì rọ̀. Ẹsẹ̀ tàbí apá tó wú láìsí ìrora. Egbò tí etí rẹ̀ dá gbòfo, tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú wọn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n kọrí sí, kì í ṣe tábìlì olóògùn ojú títì.

Lábẹ́ awọ ọmọ náà, àìmọye sẹ́ẹ̀lì wà lórí ìdúró. Wọn kò ní balógun, wọn kò nílò aláṣẹ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ilẹ̀ tútù tí ẹsẹ̀ wọn lè dì mú, àti ọwọ́ tí kò sí májèlé tó ń tú u. Bí wọ́n bá ti rí méjèèjì, wọn yóò rìn pọ̀, ìdá kan nínú 50 mílímítà kan ní wákàtí kan, lọ́sàn-án àti lóru, títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Ẹni tí egbò rẹ̀ dí tán tó wo ojú àpá, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń wò yẹn.